Ẹ̀rọ tó ń bi omi léèrè ọ̀rọ̀

Ẹ̀yin tèmi, ọ̀kun o. Ó tó oṣù mẹ́rin tí mo ti kọ nǹkan síbí kẹ́yìn, ẹ má bínú, ìdánwò àwọn ọmọ ló kọ́kọ́ gbà mí lọ́wọ́, bí ìyẹn ṣe ń parí ni ẹ̀yìn Ìyé tún bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé tí ìyá ẹni bá ń ké ẹ̀yìn, ẹ̀yìn, láti òru mọ́jú, kò sẹ́ni tó ń rántí pé òun ní búlọ́ọ̀gù.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn yẹn ò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ẹni tó ti ṣa kaṣú fún ogójì ọdún nínú oko Ìjùmú, tó ń bẹ̀rẹ̀ ṣà, tó ń bẹ̀rẹ̀ gbé, ẹ̀yìn rẹ̀ á sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan. A ti fi róòbù pa á, a ti mu àgbo, bàbá kan ní Kàbà tó máa ń na eegun ti nà án títí Ìyé fi bú u. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ẹsẹ̀ òsì ló bá wọ̀ ọ́, wọ́n ní ṣe ló dà bí ẹsẹ̀ ẹlòmíì, bàtà á bọ́ lẹ́sẹ̀ yẹn sójú ọ̀nà, wọn ò ní mọ̀ títí ẹnì kan á fi pè wọ́n padà. Dókítà tó rí wọn ní Kàbà gbé ẹ́síréè sókè síbi fèrèsé, ó ní eegun ò ṣẹ́, eegun ò yẹ̀, ohun tó ń fún iṣan tó lọ sẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ ò sí lára ohun tí ẹ́síréè ń rí, ẹ lọ ṣe MRI, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi òòfà ya àwòrán inú ara. Ìlọrin ló ní ká lọ.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ti ìgbà àkọ́kọ́ tá a lọ, torí inú ṣì ń bí mi. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. A kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, a gba Mọ̀pà, a gba Ìsánlú, a gba Ẹ̀gbẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ ọ̀nà yẹn mọ ohun tí kòtò ń ṣe fún ẹni tó láàrùn ẹ̀yìn, Ìyé di ìjókòó iwájú mú bí ẹni tó ń gun ẹṣin, nígbà tá a dé Òmù-Àrán wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́. A débẹ̀ tán, ọmọbìnrin tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ò tiẹ̀ gbójú sókè, ó ní ẹ̀rọ ti dákẹ́ láti ọjọ́ mẹ́fà, gáàsì rẹ̀ ló jò. Ọjọ́ mẹ́fà! Mo sì ti pè wọ́n lánàá tó ṣáájú, wọ́n ní ká máa bọ̀.

Olùkọ́ fíísíìsì ni mí, nítorí náà mo mọ ohun tó ń sọ, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó dùn mí ní ìlọ́po méjì. Òòfà tó wà nínú ẹ̀rọ yẹn, wáyà ni wọ́n fi ṣe é, wáyà gígùn tí wọ́n wé bí òwú, wọ́n wá rì í sínú híílíọ́ọ̀mù olómi, ìyẹn gáàsì tí wọ́n mú tutù títí ó fi di omi, èyí tó tutù dé òdo ó dín 269 lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Ibi tó bá tutù tó bẹ́ẹ̀, iná tó bá ti wọnú wáyà yẹn lẹ́ẹ̀kan kì í tán, á máa yí nínú ẹ̀ fún ọdún gbọọrọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún fi kún un. Ó dà bí àlá lójú èmi tí NEPA ń mú iná mi lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń mú híílíọ́ọ̀mù náà tutù gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru, kódà nígbà tí kò sí aláìsàn kankan nílé. Iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ò tètè gbà á, híílíọ́ọ̀mù bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ó di afẹ́fẹ́, ó gba páìpù lọ sókè ọ̀run. Owó ńlá ni wọ́n á fi ra òmíì, òkè òkun ló sì ti ń wá. Nítorí náà mo lè dárí ji ẹ̀rọ. Ẹni tó gbé fóònù tó ní ká máa bọ̀ ni mi ò tíì rójú dárí jì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà la tún lọ, ibòmíì ni lọ́tẹ̀ yìí. Owó tí mo san ju owó oṣù mi lọ, ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀.

Kí wọ́n tó jẹ́ kó o wọlé, wọ́n á kọ́kọ́ bi ọ́ ní ìbéèrè lórí fọ́ọ̀mù gígùn kan. Ọmọkùnrin kan tó níwà pẹ̀lẹ́ ló jókòó ti Ìyé, ó ń kà á, mo ń gbà á sọ fún wọn níbi tí èdè Gẹ̀ẹ́sì bá ti pọ̀ jù. Màmá, ṣé wọ́n ti fi ẹ̀rọ kankan sínú àyà yín rí? Rárá. Ṣé wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún yín rí? Rárá. Ṣé irin kankan wà lára yín? Ìyé wo ara wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú u: yẹtí méjèèjì, píìnì mẹ́ta lára ìró, kọ́kọ́rọ́ àpótí tó so mọ́ ọrùn wọn láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú (mi ò rí i kó kúrò níbẹ̀ rí o, ojú ibẹ̀ funfun ju awọ tó kù lọ), owó wẹ́wẹ́ nínú ṣẹ́ńṣì. Wọ́n kó gbogbo ẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ọmọkùnrin yẹn wá ní, ní inú ara ńkọ́, Màmá, bóyá irin ti bà yín rí, tàbí ìbọn?

Ìyé dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Èyí tó wà lẹ́sẹ̀ ńkọ́, ṣé ìyẹn náà wà níbẹ̀?"

Èmi ni mo kọ́kọ́ ní kí ni? Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni mí, mi ò gbọ́ ọ rí. Ó wá jẹ́ pé kí wọ́n tó bí mi, nígbà tí wọ́n ṣì wà nílé bàbá wọn, ọdẹ kan yìnbọn ṣakabùlà sí òkété lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko, ọta fọ́n ká, díẹ̀ wọ Ìyé lẹ́yìn ojúgun ọ̀tún. Bàbá wọn fi ẹnu ọ̀bẹ yọ èyí tó rí, wọ́n fi ewé lé e, ó san, wọ́n gbàgbé. Èyí tí wọn ò rí jókòó síbẹ̀. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tẹ́ ẹ ò fi sọ fún wa láti ọjọ́ yìí, wọ́n ní, "Ta ló bi mí?"

Òdodo ọ̀rọ̀ ni, kò sẹ́ni tó bi wọ́n. Kò sí dókítà tó bi wọ́n, èmi ọmọ wọn ò bi wọ́n. Òòfà ló bi wọ́n.

Ẹ má rò pé eré ni o. Agbára òòfà tó wà nínú ẹ̀rọ yẹn jẹ́ 1.5 tẹ́sílà (tẹ́sílà ni wọ́n fi ń wọn agbára òòfà), ó fi ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà 30 ìgbà lọ ju òòfà ilẹ̀ ayé tó ń darí kọ́ńpáàsì, kì í sì í sùn. Á fa síláńdà ọ́síjìn láti ẹnu ọ̀nà bí ẹni ju òkò, ó ti pa èèyàn bẹ́ẹ̀. Àwọn ọlọ́dẹ wa láyé àtijọ́ sì máa ń ki ohunkóhun tó bá le sínú ìbọn, òjé, àfọ́kù irin, orí ìṣó. Òjé ò ní ṣe nǹkan kan, irin ló lè mira. Nítorí náà wọ́n dá wa padà lọ ya ẹ́síréè ẹsẹ̀, àmì kékeré méjì ló yọ, funfun bí hóró ọkà bàbà. Dókítà àgbà wá wò ó, ó ní ó jìnnà sójú, ó jìnnà sí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá, ó ti lé ní ogójì ọdún tí ẹran ti wé mọ́ ọn, ká lọ ṣe é, ṣùgbọ́n tí Màmá bá ti gbọ́ pé ibẹ̀ ń gbóná tàbí ó ń já, kí wọ́n tẹ rọ́bà tó wà lọ́wọ́ wọn kíákíá.

Wọ́n gbà kí n jókòó tì wọ́n nínú yàrá. Mo yọ bẹ́líìtì, mo yọ fóònù, mo yọ káàdì báńkì torí òòfà á pa ohun tó wà lára ẹ̀ rẹ́, wọ́n di etí àwa méjèèjì. Ìyé wọnú ihò yẹn lọ, àtẹ́lẹsẹ̀ wọn nìkan ló kù síta, mo di àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì mú, ẹsẹ̀ tí wọ́n ní kò jọ tiwọn mọ́. Ariwo wá bẹ̀rẹ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣàpèjúwe ẹ̀. Gbọ̀ngbọ̀ngbọ̀n, ó dákẹ́, kàkàkàkà bí ẹni ń lu páànù, ó dákẹ́, ohùn gígùn kan bíi ti fèrè tí kò mí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogójì ìṣẹ́jú. Mo sì jókòó síbẹ̀, èmi tí mo ti fi ọdún mẹ́rìndínlógún kọ́ àwọn ọmọ ní òòfà pẹ̀lú èyí tí mo yọ lára sípíkà rédíò tó bàjẹ́ àti èérún irin tí mo gbà lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, mo ń rò ó pé irú òòfà tí mo ń kọ́ wọn rèé.

Ṣé ẹ rántí òkòtó? A máa ń fi ìka méjì ta á sórí iyanrìn, á kọ́kọ́ dúró ṣánṣán, tó bá yá á bẹ̀rẹ̀ sí í fì, orí ẹ̀ á máa ya róbótó lójú òfuurufú kó tó ṣubú. Omi tó wà nínú ara wa, háídrójìn méjì méjì ló ní, inú háídrójìn kọ̀ọ̀kan sì ni nǹkan bíńtín kan wà tó dà bí òkòtó yẹn, pírótọ́ọ̀nù ni wọ́n ń pè é. Ní ìta báyìí, oníkálukú kọjú síbi tó wù ú, bí ọjà Kàbà lọ́jọ́ ọjà. Tó o bá wọnú òòfà, wọ́n á tò, ìdajì á fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjú síwájú, ìdajì kọ ẹ̀yìn, iye tó fi ju ara wọn lọ nínú mílíọ̀nù kan ò tó mẹ́wàá. Àwọn díẹ̀ yẹn ni gbogbo ẹ̀rọ yẹn gbára lé. Inú kán omi kan ṣoṣo, wọ́n ti tó láti gbọ́ ohùn wọn, torí omi pọ̀ lára wa.

Báwo ni wọ́n ṣe ń gbọ́ ohùn wọn? Rédíò ni. Rédíò gidi. Nínú òòfà 1.5 tẹ́sílà, òkòtó háídrójìn máa ń fì ní bíi mílíọ̀nù 64 ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí òòfà bá jẹ́ 3, ó di mílíọ̀nù 128. Àwọn iléeṣẹ́ rédíò FM tá à ń gbọ́, láàárín 88 sí 108 ni wọ́n wà, ẹ̀ẹ́ rí i pé àdúgbò kan náà ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi bàbà tẹ́ inú ògiri yàrá yẹn yíká, kí ẹni tó ń polówó àgbo jẹ̀díjẹ̀dí lórí rédíò ní Ìlọrin má baà dá sí ọ̀rọ̀ tó wà láàárín ẹ̀rọ àti Ìyé. Wọ́n á ta ìgbì rédíò tó bá ìfì yẹn mu sí ọ lára, àwọn òkòtó á ṣẹ̀gbẹ́, wọ́n á pa rédíò, àwọn òkòtó á bẹ̀rẹ̀ sí í padà síbi tí wọ́n wà, bí wọ́n ṣe ń padà ni wọ́n ń dá ìgbì náà sọ, ẹ̀rọ á gbọ́ ọ. Háídrójìn tó wà nínú ọ̀rá ń tètè padà. Omi gbalasa, irú èyí tó yí ọpọlọ ká, ń pẹ́ kó tó padà. Lọ́dún 1971, dókítà kan lámẹ́ríkà tó ń jẹ́ Raymond Damadian wọn èyí tó jẹ́ ti jẹjẹrẹ nínú ara eku, ó rí i pé ó yàtọ̀ sí ti ẹran ara tó dáa. Ibẹ̀ ni gbogbo ayé ìṣègùn ti gbétí sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n gbígbọ́ kò tíì di rírí. O gbọ́ ohùn omi, ibo ló ti ń sọ̀rọ̀? Ẹ wo onídùndún. Tó bá fún ọṣán mọ́ abíyá, ohùn á ga, tó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí Paul Lauterbur, onímọ̀ kẹ́míkà kan lámẹ́ríkà, ṣe nìyẹn: ó jẹ́ kí òòfà le díẹ̀ sí i lápá kan, kó dẹ̀ díẹ̀ lápá kejì, omi tó wà níbi tó le á ké lóhùn òkè, ti ibi tó dẹ̀ á ké lóhùn ìsàlẹ̀, ohùn wá di àdírẹ́sì. Wọ́n ní ìdí bọ́gà ló jókòó sí nílé oúnjẹ kan ní Pittsburgh nígbà tí èrò yẹn sọ sí i lọ́kàn, ó lọ ra ìwé kó má baà gbàgbé. Àwòrán àkọ́kọ́ tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1973, ẹ mọ ohun tó yà? Ọ̀pá gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí omi wà nínú wọn. Omi lásán. Nature, ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tó gbé e jáde, tiẹ̀ kọ́kọ́ dá a padà fún un pé kò já mọ́ nǹkan tó bẹ́ẹ̀. Ariwo tó ń lu etí mi nínú yàrá yẹn, òun ni ariwo fífún ọṣán yẹn, iná ń já wọ wáyà, ó ń já jáde, òòfà ńlá ń ta wáyà nípàá.

Lọ́dún 2003, Lauterbur àti Peter Mansfield tó jẹ́ ará Bìrìtìkó, tó jẹ́ kí yíya rẹ̀ yára, ni wọ́n fún lẹ́bùn Nobel. Damadian ò sí nínú ẹ̀. Ọkùnrin náà ra odindi ojú ewé nínú ìwé ìròyìn ńlá ńlá, ó ní wọ́n ti rẹ́ òun jẹ. Tẹ́ ẹ bá béèrè lọ́wọ́ mi, ẹni tó kọ́kọ́ gbọ́ ohùn àti ẹni tó mọ ibi tí ohùn ti wá, iṣẹ́ méjì ni, ṣùgbọ́n mi ò mọ bí wọ́n ṣe lè pín ẹja láì fún ẹni tó kọ́kọ́ rí odò ní nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ ẹja ti délẹ̀ báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹja tó kú kó tó di pé mo gbàgbé. Irin wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, gbogbo ẹ̀ lára àgbàlagbà kan ò ju gíráàmù mẹ́ta sí mẹ́rin lọ, bí ìṣó kékeré kan. Lọ́dún 1936 ni Linus Pauling àti Charles Coryell ti rí i pé ẹ̀jẹ̀ tó gbé ọ́síjìn dání àti ẹ̀jẹ̀ tó ti sọ ọ́ kalẹ̀, ojú tí wọ́n fi ń wo òòfà ò dọ́gba. Lọ́dún 1990, Seiji Ogawa àti àwọn èèyàn rẹ̀ fi ìyẹn wo ọpọlọ eku, kò sì pẹ́ tó fi di ti èèyàn: ibi tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ máa ń gba ẹ̀jẹ̀ tuntun, ẹ̀rọ á rí ìyàtọ̀ náà. Bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán ọpọlọ tó ń ronú nìyẹn, àwọn aláwọ̀ pupa pupa tẹ́ ẹ máa ń rí lórí Facebook tí wọ́n á ní ibi tí ìfẹ́ wà rèé, ibi tí ìgbàgbọ́ wà rèé. Ẹ rọra o. Lọ́dún 2009, Craig Bennett àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ra ẹja salmon tó ti kú, wọ́n gbé e sínú ẹ̀rọ, wọ́n fi fọ́tò àwọn èèyàn hàn án, wọ́n bi ẹja pé inú àwọn wọ̀nyí dùn àbí ó bàjẹ́. Ẹ̀rọ tan àmì pupa sínú ọpọlọ ẹja! Ẹja yìnyín tí à bá fi se ọbẹ̀. Ohun tó fà á ni pé kọ̀ǹpútà ń yẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú ibi wò lẹ́ẹ̀kan náà, tó o bá sọ owó ẹyọ lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún ìgbà, ibì kan á wà tó máa gba orí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá tẹ̀léra, tó ò bá ṣe ìṣirò tó ń dá ìyẹn lẹ́kun, ẹja òkú á ronú. Wọ́n fi ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n tiẹ̀ fún wọn ní ẹ̀bùn ẹlẹ́yà Ig Nobel lọ́dún 2012, ṣùgbọ́n iṣẹ́ gidi ni wọ́n ṣe. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ SS3 mi ni mo ti máa ń sọ ọ́, ẹ̀rín ni wọ́n fi ń gba ìṣirò sórí lọ́jọ́ yẹn.

Ó yá, ká padà sọ́dọ̀ Ìyé. Wọ́n jáde, ẹsẹ̀ ọ̀tún ò já, ọta sùn jẹ́jẹ́. Wọ́n ní ariwo yẹn rán àwọn létí ẹ̀rọ ìlọkà tó wà ní Ìyárà nígbà èwe. Dókítà pè wá wo àwòrán, ó yí kọ̀ǹpútà kọjú sí Ìyé, kò kọjú ẹ̀ sí mi, mo gba tiẹ̀ fún ìyẹn. Eegun ẹ̀yìn tò lé ara wọn, láàárín wọn ni tìmùtìmù kọ̀ọ̀kan wà. Àwọn ti òkè mọ́lẹ̀ láàárín, wọ́n funfun bí ẹ̀kọ. Méjì tó wà nísàlẹ̀ dúdú, èyí tó sì wà nísàlẹ̀ pátápátá ti yọ ẹnu sẹ́yìn, ó ti iṣan mọ́ ògiri.

Dókítà ní, "Màmá, ibi tó funfun yìí, omi ló wà níbẹ̀."

Ìyé fi ìka kan gíláàsì kọ̀ǹpútà níbi tó dúdú. "Èyí ti gbẹ."

"Ó ti gbẹ, Mà."

"Kànga méjì," wọ́n ní, wọ́n sì wò mí bí ẹni pé èmi ni mo fà á gbẹ.

Ìtọ́jú ti ń lọ, ẹ̀ẹ́ bá mi dúpẹ́, wọn ò tíì ní láti ṣiṣẹ́ abẹ. Ohun tó gbé mi jókòó síbí láti òru àná yàtọ̀ sí ẹ̀yìn.

Lálẹ́ ọjọ́ tá à ń dúró de èsì, a sùn sọ́dọ̀ ìbátan wa kan ní Ìlọrin, mi ò rí oorun sùn, mo bá ń ka ìwádìí tí wọ́n fi MRI ṣe lórí fóònù, mo ń wá bóyá ẹnì kankan ti gbé e wá fún àìsàn tiwa rí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ti wọnú ẹ̀rọ yẹn fún ìwádìí, àwọn ará Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ni, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló pọ̀ níbẹ̀. Mo wá já lu Màláwì. Ní Blantyre, nílé ìwòsàn Queen Elizabeth, wọ́n gbé MRI kan dé síbẹ̀ lọ́dún 2008, agbára rẹ̀ ò ju 0.35 lọ, kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin ti èyí tó yẹ Ìyé wò. Àwọn dókítà tó ń bá ibà jà níbẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wo àwọn ọmọdé tí ibà gun orí, tí gìrì mú, tí wọn ò mọ ibi tí wọ́n wà, wọ́n ń fún wọn lóògùn, oògùn ń pa kòkòrò ibà, ọmọ á ṣì kú. Wọn ò mọ ohun tó ń pa á gan-an. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn ọmọ náà sínú ẹ̀rọ. Èsì jáde lọ́dún 2015: ọmọ 168 ni wọ́n yà, 25 kú, 21 nínú àwọn tó kú yẹn ni ọpọlọ wọn ti wú gidi láti ìgbà tí wọ́n ti gbé wọn dé. Ti àwọn kan nínú àwọn tó yè náà wú, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún un yà, ó ti ń fà. Agbárí ò ní ibòmíì tó máa sún sí. Ọpọlọ tó wú á tẹ ìdí ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, níbi tó ti ń pàṣẹ fún èémí. Ọkàn á ṣì máa lù, ọmọ á kàn dáwọ́ mímí dúró.

Mo kà á dé ibẹ̀, mo gbé fóònù sílẹ̀.

Àbúrò mi ọkùnrin kú lọ́dún 1994, ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Ibà ló kọ́kọ́ ṣe é, ọjọ́ kejì gìrì mú un, wọ́n ta àdín sí i lẹ́nu, wọ́n gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sídìí iná, wọ́n fi ṣíbí ya eyín rẹ̀, gbogbo ohun tí àgbà ilé mọ̀ ni wọ́n ṣe, kí wọ́n tó rí ọ̀kadà gbé e. Wọ́n dé ilé ìwòsàn, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́, ó dà bí ẹni pé ó sùn. Ohun tí Ìyé máa ń sọ láti ọjọ́ yẹn, tí wọ́n bá sọ ọ́ rárá, ni pé, "Àyà rẹ̀ ń lù lábẹ́ ọwọ́ mi. Ó kàn gbàgbé láti mí." Àwọn ará ilé ní ẹ̀dùn ọkàn ló ń sọ̀rọ̀, pé kò sẹ́ni tó ń gbàgbé mímí. Èmi náà tí mo ka sáyẹ́ǹsì dàgbà, mo ti máa ń rò ó pé ìyá ló ń wá ọ̀rọ̀ tó máa fara mọ́.

Wọn ò wá ọ̀rọ̀ o. Ohun tí ọwọ́ wọn gbọ́ ni wọ́n sọ.

Mo ń rò ó pé kí n má sọ fún wọn. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, kí ni mo fẹ́ kó fi ṣe? Èrò yẹn bá mi dé inú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ tá à ń padà. Mo fi nǹkan míì kún ẹnu, mo ń sọ fún wọn pé wọ́n ti ń ṣe MRI kékeré báyìí, èyí tí òòfà rẹ̀ jẹ́ 0.064 tẹ́sílà péré, tó ní táyà lábẹ́, tí wọ́n ń tì lọ síbi bẹ́ẹ̀dì aláìsàn, tí wọ́n sì ń fi sójú iná ara ògiri lásán, kò fẹ́ híílíọ́ọ̀mù, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i lọ́dún 2020. Pé ní Mbarara ní Ùgáńdà, wọ́n ti bá àwọn ará Nẹ́dálàǹdì to irú ẹ̀ kan pọ̀ nítorí àwọn ọmọ tí omi kún lórí. Àwòrán rẹ̀ ò mọ́ tó ti ńlá, ṣùgbọ́n ó lè dé Kàbà. Ìyé ń gbọ́, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. Lẹ́yìn Ẹ̀gbẹ̀ ni mo bá sọ ọ́. Mo sọ ti Màláwì, mo sọ ti ọpọlọ tó wú, mo sọ ibi tó ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ní, Ìyé, ohun tẹ́ ẹ sọ lọ́jọ́ yẹn, òun náà ni wọ́n rí.

Wọ́n ò dáhùn. Awakọ̀ yà fún kòtò kan, wọ́n di ẹ̀yìn mú. A kọjá Ìsánlú. Wọ́n wá ní, "Àdín yẹn ńkọ́?"

Mo ní àdín ò wú ọpọlọ, Mà. Mo ní kì í ṣe ohun tó dáa láti ta á sẹ́nu ọmọ tó ń gìrì, torí ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun sódì, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló pa á tí àyà bá ń lù bẹ́ẹ̀ láàárín ilé ìwòsàn. Wọ́n mi orí. Mi ò mọ̀ pé ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni wọ́n ti ń gbé àdín yẹn kiri.

A ti ń wo àwọn òkè Mọ̀pà lọ́ọ̀ọ́kán kí wọ́n tó tún la ẹnu.

"Àwọn ọmọ Màláwì yẹn, nínú ariwo tí mo gbọ́ yẹn?"

"Wọn ò gbọ́ ọ, Ìyé. Wọn ò mọ ibi tí wọ́n wà."

"Àwọn ìyá wọn ńkọ́," wọ́n ní, "ṣé wọ́n jẹ́ kí wọ́n di ẹsẹ̀ wọn mú?"